Ta Ni Yóò Fún Ẹlẹ́fọ̀ọ́ Ní Ilẹ̀ Ọdún Mẹ́wàá?

Ká kọ́kọ́ ṣírò omi. Bẹ́ẹ̀dì ẹ̀fọ́ kan tó fẹ̀ tó mítà 1, tó gùn tó mítà 10, a máa mu bíi lítà 50 lóòjọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó bá ní irú bẹ́ẹ̀dì bẹ́ẹ̀ 50, tí gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ kò ju púlọ́ọ̀tì ilẹ̀ méjì lọ, gbọ́dọ̀ wá lítà 2,500 omi kí ilẹ̀ tó ṣú. Bó bá jẹ́ agolo ìbomirin oní-lítà 10 ló ń gbé, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, àlọbọ̀ 125 nìyẹn láàárín kànga àti oko. Ọ̀la tún ń bọ̀. Láti oṣù kọkànlá títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi dé, bẹ́ẹ̀ náà ni.

Ẹni tó ní pọ́ǹpù kékeré lè sinmi apá, àmọ́ àpò rẹ̀ kò ní sinmi. Kí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú tó kéde lọ́jọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà pẹtiróò kan kò tó 200 náírà. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó fò kọjá 480 náírà. Nígbà tó fi máa di ìparí oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti lé ní 1,000 náírà lọ́pọ̀ ilé epo. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ kò mọ̀ pé epo wọ́n. Bí omi kò bá kàn án títí ìrọ̀lẹ́, orí rẹ̀ á dà kọ́.

Ó yẹ kí ìṣirò yìí wà níwájú ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ lórí rédíò pé kí àwọn ọ̀dọ́ lọ gbin ẹ̀fọ́ ọ̀gánííkì, èyí tí kò ní kẹ́míkà nínú, pé owó wà níbẹ̀. Owó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé ilẹ̀ tí èèyàn fi ọdún mẹ́ta tún ṣe, ẹlòmíì lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Títí di ìgbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí bá yanjú, àlá lásán ni gbogbo ìpolongo tó kù.

Iṣẹ́ náà gan-an ńkọ́? Ẹ wo bẹ́ẹ̀dì tẹ̀tẹ̀ kan ṣoṣo. Irúgbìn rẹ̀ kéré púpọ̀. Bí wọ́n bá fọ́n ọn lásán, yóò pọ̀ lójú kan, ojú kejì á ṣófo, nítorí náà iyanrìn gbígbẹ ni wọ́n ń pò mọ́ ọn kí wọ́n tó fọ́n ọn. Ti ewédú tún yàtọ̀. Èèpo rẹ̀ le, kò sì ní hù dọ́gba àfi bí wọ́n bá di irúgbìn náà sínú aṣọ, tí wọ́n rì í bọ omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí wọ́n tó sá a lábẹ́ ìbòòji. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, tẹ̀tẹ̀ ti tó fà tu. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin náà ni kòkòrò ní láti fi jẹun.

Kòkòrò tó burú jù fún tẹ̀tẹ̀ kì í fi ara hàn lọ́sàn-án. Labalábá kékeré kan tó pọ́n bí ilẹ̀, tó ní ilà funfun lápá, ló ń wá lálẹ́, tó ń yé ẹyin rẹ̀ sábẹ́ ewé. Ọmọ tó bá jáde nínú ẹyin náà, aláwọ̀ ewé ni, tín-ín-rín. Yóò fi òwú ẹnu rẹ̀ ká ewé mọ́ra, yóò jókòó sínú rẹ̀, yóò sì máa jẹ ẹran ewé náà títí yóò fi ku iṣan. Bẹ́ẹ̀dì tó ti tó tà lè bàjẹ́ kí alárobọ̀ tó bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀ tó dé.

Ẹni tó ń lo kẹ́míkà kò ní wàhálà púpọ̀ níbí. Yóò pò ó, yóò gbé ẹ̀rọ ìfọ́noògùn kọ́ ẹ̀yìn, kò ní pẹ́ tó fi parí. Ẹni tí kò lò ó yóò já ewé dóńgóyárò, yóò gún un, yóò rẹ ẹ́ mọ́jú, yóò sẹ́ ẹ, yóò fi ọṣẹ díẹ̀ sí i kó lè lẹ̀ mọ́ ewé, yóò sì dúró di ìrọ̀lẹ́ kó tó fọ́n ọn nítorí pé oòrùn ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Bí òjò bá rọ̀ lóru, ó di àtúnṣe. Dóńgóyárò kì í sì í pa kòkòrò lójú ẹsẹ̀. Ṣe ló ń gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀, tí kò ní jẹ́ kó dàgbà. Bí ewé bá ti ká tán kéèyàn tó fọ́n ọn, ó ti pẹ́ jù. Nítorí náà, títú abẹ́ ewé wò láràárọ̀, kí ìrì tó gbẹ, ni olórí iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn ṣe é.

Lẹ́yìn ìyẹn ni koríko. Lẹ́yìn koríko ni ajílẹ̀.

Ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ń fojú winá báyìí kò ṣòro láti rí. Oògùn apakòkòrò púpọ̀ ló ní ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ìgò rẹ̀ pé kí wọ́n dúró kí wọ́n tó kórè. Lára kòkó tàbí ọsàn, ìdúró yẹn ṣeé ṣe. Lára ẹ̀fọ́ tí gbogbo ayé rẹ̀ kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ, tí kòkòrò sì ń bá a jà títí dé ọjọ́ ọjà, ta ló fẹ́ dúró? Ní ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ tó ń ti Nàìjíríà wá nítorí pé oògùn dichlorvos tí wọ́n bá lára rẹ̀ ti ju ìwọ̀n lọ. Ní 2019, àjọ NAFDAC kéde pé kí wọ́n má ta ìgò kékeré Sniper, tí òun náà jẹ́ dichlorvos, lọ́jà gbangba mọ́. Paraquat, oògùn apakoríko tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ mọ̀ dáadáa, di èèwọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Atrazine tẹ̀ lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ 2025. Ẹ̀wà ni a gbọ́ tirẹ̀, nítorí pé ó dé ẹnubodè ibi tí wọ́n ti ń yẹ oúnjẹ wò. Tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ tó ń wọ ọjà Bódìjà n'Íbàdàn tàbí Mile 12 l'Ékòó lóròòwúrọ̀ kò kọjá níwájú ẹnikẹ́ni tó ń yẹ nǹkan wò.

Síbẹ̀, ẹni tó bá rò pé bí kò bá ti sí kẹ́míkà, ọ̀ràn ti parí, kò tíì dé oko ẹ̀fọ́ ìgboro rí. Ìgbẹ́ adìẹ ni ọ̀pọ̀ ẹlẹ́fọ̀ọ́ ń lò. Tútù rẹ̀ gbóná, ó ń jó gbòǹgbò. Ó yẹ kó jẹrà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí wọ́n máa yí i, kí ooru inú òkìtì náà lè pa àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń fa inú rírun. Àyè dà? Òkìtì ajílẹ̀ ń gba ilẹ̀ bẹ́ẹ̀dì méjì mẹ́ta, ó sì ń rùn sí aládùúgbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé sẹ́gbẹ̀ẹ́ oko lésìí, tí òun gan-an ò ṣàì ní ẹ̀sùn lẹ́nu. Omi náà ńkọ́? Níbi tí kò sí kànga, gọ́tà ni wọ́n ń gbọ́n, gọ́tà tó ti gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kọjá, tó kó ọ́ìlì àti omi bátìrì dání. Ẹ̀fọ́ tí wọ́n fi irú omi bẹ́ẹ̀ rin, tí wọ́n sì tún fi fọ̀ kó tó lọ sọ́jà, kò yẹ ní pípè ní ọ̀gánííkì, ì báà jẹ́ pé wọn ò kan oògùn rí. Àwọn tó ń ta ẹ̀fọ́ olówó gọbọi lórí Instagram kì í fẹ́ mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ omi. Ó yẹ kí oníbàárà máa bi wọ́n.

Ìmọ̀ kọ́ ló wọ́n. Láti ọdún 2004 ni yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀ tó wà l'Abẹ́òkúta ti gbé iṣẹ́ àkànṣe kalẹ̀ lórí ọ̀gbìn ọ̀gánííkì, tí wọ́n ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ àti àgbẹ̀. Àwọn àgbàlagbà àgbẹ̀ pàápàá ní tiwọn. Jogbo, igi olódòdó yẹ́lò tó kún etí ọ̀nà gbogbo nílẹ̀ Yorùbá, bí wọ́n bá gé e kó tó tanná, tí wọ́n kẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, tí wọ́n sì rì í mọ́lẹ̀, ajílẹ̀ gidi ni. Naitirójìn àti pọtásíọ̀mù tó wà nínú ewé rẹ̀ pọ̀ débi pé àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ti kọ ìwé rẹpẹtẹ lé e lórí. Ewé Akíntọ́lá náà wúlò bẹ́ẹ̀. Kò sí èyí tó ń náni ní kọ́bọ̀ nínú méjèèjì, àfi agbára àti àkókò.

Àkókò yìí ló ń bí ìbéèrè ilẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n ti ń da fatiláísà sí fún ọdún gbọọrọ kì í yí padà lọ́sàn-án kan. Ní Amẹ́ríkà, òfin ni pé ilẹ̀ gbọ́dọ̀ lo ọdún 3 láìrí kẹ́míkà tí wọ́n kà léèwọ̀ kí wọ́n tó lè pe ohun tí wọ́n kó níbẹ̀ ní ọ̀gánííkì. Ní Yúróòpù, ọdún 2 ni fún ohun ọ̀gbìn bí ẹ̀fọ́. Àwọn ọdún wọ̀nyẹn ni owó ń jáde jù. Ilẹ̀ ṣì le, ekòló kò tíì padà, agbọ́n àti aláǹtakùn tó ń bá èèyàn jẹ kòkòrò kò tíì gbọ́ pé ibẹ̀ ti rọgbọ, èrè kò sì tó ti ẹni tó ń fọ́n oògùn lódìkejì ọ̀nà. Ó di ọdún kẹta, ìkẹrin, kí ilẹ̀ tó máa dá ara rẹ̀ gbé.

Wàyí o, ta ló ni ilẹ̀ tí àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ ń ro l'Ékòó, n'Íbàdàn àti l'Abẹ́òkúta? Ẹ wo ibi tí wọ́n wà: abẹ́ wáyà iná ńlá, etí rélùwéè, ẹ̀gbẹ́ títì márosẹ̀, àbàtà etí odò, àti púlọ́ọ̀tì tí ẹni tó rà á ṣì wà lókè òkun. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà, ṣùgbọ́n ẹlẹ́fọ̀ọ́ kò mọ gómìnà, ọmọ onílẹ̀ ló mọ̀. Ọdọọdún ló ń san nǹkan fún ẹbí, bí wọ́n ṣe ń san ìṣákọ́lẹ̀ láyé àtijọ́. Ọ̀pọ̀ kò ní risíìtì kankan lọ́wọ́, olórí ẹbí ló mọ̀ wọ́n, bí bàbá náà bá sì kú, àwọn ọmọ lè ní àwọn ò mọ ohun tó jọ ọ́.

Ohun tó ń múni banú jẹ́ jù níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ rere ló ń lé èèyàn kúrò. Ilẹ̀ tó ti dúdú, tí igbó rẹ̀ ti tán, tí òkúta rẹ̀ ti kúrò, tí ipa ọ̀nà ti wọ̀ ọ́, òun ni alágbàtà ilẹ̀, ìyẹn ẹjẹ́ǹtì, ń kọ́kọ́ mú oníbàárà lọ wò. Olóko náà ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ọ́ di ọjà. Kò sí ẹni tó lè dá ẹni tó bá ro èyí síwá sẹ́yìn lẹ́bi bó bá pinnu pé fatiláísà àti oògùn ló kàn. Bí èèyàn kò bá mọ̀ bóyá òun yóò wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn tó ń bọ̀, kí ni yóò fi òkìtì ajílẹ̀ tí ọdún kejì ni yóò wúlò ṣe?

Ní Àjàṣẹ́, tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, ọ̀ràn náà gba ọ̀nà mìíràn. Ní ọdún 1985, Fadá Godfrey Nzamujo, àlùfáà ìjọ Dominican tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tó ti ń kọ́ni ní California, gba hẹ́kítà 1 ilẹ̀ tó ti gbó lọ́wọ́ ìjọba Benin nígbà ayé Ààrẹ Mathieu Kérékou. Ó kó ọ̀dọ́ díẹ̀ tó ti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ jọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Songhaï ni wọ́n pè é. Ìgbẹ́ ẹran ibẹ̀ ń lọ sínú ẹ̀rọ gáàsì ìdáná, ìdin tí wọ́n ń sìn lórí ìdọ̀tí di oúnjẹ ẹja, omi ẹja ń lọ sórí ẹ̀fọ́, ohun tí ẹ̀fọ́ bá ṣẹ́kù ń padà sọ́dọ̀ ẹran. Lónìí, ilé ẹ̀kọ́ ńlá ni, ó ní ẹ̀ka láwọn ìlú mìíràn ní Benin, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ló sì ti sọdá ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ níbẹ̀.

Àwọn tó bá padà dé láti Songhaï máa ń sọ̀rọ̀ gáàsì àti ìdin títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ó ṣọ̀wọ́n kéèyàn gbọ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ hẹ́kítà àkọ́kọ́ yẹn, tó jẹ́ pé ìjọba ló fún un, tí kò sì sí ọmọ onílẹ̀ tó wá gbà á padà nígbà tó dúdú tán. Láìsí ìyẹn, gbogbo ọgbọ́n tó kù ì bá má rí ibi dúró sí.

Kúbà náà kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní tipátipá. Nígbà tí Soviet Union túká ní 1991, epo àti fatiláísà tí erékùṣù náà ń rí gbà lọ́wọ́ wọn dáwọ́ dúró, ebi sì wọ ìgboro. Àwọn ará Havana bẹ̀rẹ̀ sí í gbin ẹ̀fọ́ sáàárín ilé, nínú bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù yí ká, tí wọ́n kún fún ajílẹ̀. Organopónico ni wọ́n ń pe irú oko bẹ́ẹ̀. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn, Vivero Alamar tó wà lápá ìlà-oòrùn ìlú náà, bẹ̀rẹ̀ ní 1997 pẹ̀lú èèyàn díẹ̀, ó sì di oko tó lé ní hẹ́kítà 10, tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ lé ní 100. Ẹnu ọ̀nà oko ni wọ́n ti ń ta ẹ̀fọ́ fún àwọn ará àdúgbò. Ilẹ̀ ṣì jẹ́ ti ìjọba, àmọ́ ẹ̀tọ́ láti lò ó wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ro ó, láìsan owó ilẹ̀. Ní 2008, òfin tuntun tún mú kí ẹnikẹ́ni lè gba ilẹ̀ ìjọba tó wà lásán láti fi dáko. Kò yẹ ká sọ Kúbà di ọ̀run o. Òkè òkun ni púpọ̀ nínú oúnjẹ ibẹ̀ ṣì ti ń wá, ìyà sì ń jẹ àwọn èèyàn ibẹ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n ewébẹ̀ inú ìlú ni ohun tí wọ́n ṣe tó yọrí jù, orí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lé wọn kúrò lórí rẹ̀ ni wọ́n sì ti ṣe é.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, òfin ọdún 1908 ló fi dandan lé e pé kí káńsù wá ilẹ̀ kékeré fún àwọn ará ìlú tó bá fẹ́ gbin oúnjẹ. Lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá Yorùbá kan ní Lọ́ńdọ̀nù ti ń gbin tẹ̀tẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn òyìnbó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ará Jàmáíkà tó ń pe ẹ̀fọ́ kan náà ní callaloo. Jíjẹ nílé ló wà fún, kì í ṣe fún títà, àmọ́ káńsù ló ni ojúṣe náà lọ́rùn.

A kò lè dá ìjọba nìkan lẹ́bi, oníbàárà náà ní tirẹ̀. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé kẹ́míkà ti pọ̀ jù nínú oúnjẹ, tí wọ́n bá dé iwájú àtẹ, ewé tí kò ní ihò kankan ni ọwọ́ wọn ń lọ bá.

“Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́, ẹ̀fọ́ yín yìí mà ti luhò o.”

“Kòkòrò ló kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, oníbàárà mi. A ò fọ́n nǹkan kan sí i ni.”

“Ó dáa, ẹ jẹ́ n san ìdajì, ẹ ẹ̀ rí i pé ìdajì ni kòkòrò kù sílẹ̀.”

Gbogbo ọjà la ti ń gbọ́ irú ìnájà yìí, ó sì pani lẹ́rìn-ín, àmọ́ ìnájà náà ló ń pinnu ohun tí wọn yóò fọ́n sí bẹ́ẹ̀dì tó kàn. Alárobọ̀ tó ń ra odindi bẹ́ẹ̀dì lóko mọ̀ pé ihò yóò dín owó òun kù, nítorí náà yóò ti dín owó olóko kù kó tó gbé e. Àwìn tún ni nígbà míì. Ẹ̀fọ́ sì nìyí, kì í ṣe ẹ̀wà tí wọ́n lè tọ́jú di oṣù tó ń bọ̀; bó bá fi máa di ọ̀sán, ó ti rọ, ẹni tó ń nà á tì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà kan wà tí oníbàárà fi lè gbé lára ẹrù náà. Booker T. Whatley, ọ̀jọ̀gbọ́n aláwọ̀ dúdú ní yunifásítì Tuskegee ní Alabama, ti gba àwọn àgbẹ̀ kéékèèké nímọ̀ràn tipẹ́ pé kí wọ́n kó oníbàárà jọ bí ẹgbẹ́, kí àwọn yẹn máa san owó ọdún sílẹ̀ kí irè tó jáde. Àwọn ìyàwó ilé ní Japan ṣe ohun tó jọ ọ́ ní àwọn ọdún 1970. Láti 1986 ni ó ti wà lórí oko méjì ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, ó sì tàn ká. Ó bá àṣà wa mu ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ, nítorí ẹni tó bá lè dá èésú lè san owó ẹ̀fọ́ oṣù kan sílẹ̀. Ilé 30 ládùúgbò kan, kí kálukú máa gba apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Wẹ́sidé àti Sátidé, ihò díẹ̀ níbí, ihò díẹ̀ lọ́hùn-ún. Owó tó bá ti wà nílẹ̀ ni olóko yóò fi ra epo pọ́ǹpù.

Ìwé ẹ̀rí ńkọ́? Èyí tí àwọn iléeṣẹ́ òyìnbó ń fúnni fún ọjà òkè òkun wọ́n ju ohun tí olóko bẹ́ẹ̀dì 50 lè san lọ, kò sì yẹ ká máa fi dààmú rẹ̀. Ẹgbẹ́ Ecovida ní ìhà gúúsù Brazil, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1998, fi hàn pé àwọn àgbẹ̀ àti oníbàárà lè máa bẹ oko ara wọn wò, kí wọ́n sì jẹ́rìí fún ara wọn. Òfin Brazil gba irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá ọjà wa tó ti ń fi ẹgbẹ́ ṣàkóso iye àti òṣùwọ̀n láti ìgbà ìwáṣẹ̀ lè ṣe é láìwo ojú ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ oníbàárà kò lè ṣe ohunkóhun bí oko bá ti lọ. Àwọn kan yóò sọ pé ilẹ̀ ìgboro wọ́n, pé kò bọ́gbọ́n mu kí tẹ̀tẹ̀ wà níbi tí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lè wà. Òótọ́ ni, níbi tí ilé lè wà. Ilẹ̀ abẹ́ wáyà iná ńlá ńkọ́, tí kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ kọ́lé síbẹ̀? Ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àti ilé ìwòsàn, tí wọ́n ń san owó fún ẹni tó ń gé koríko rẹ̀ lọ́dọọdún? Irú ilẹ̀ yìí pọ̀ ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀, ohun tó sì ń bíni nínú ni pé àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ ti wà lórí púpọ̀ nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, bí olè, láìní ìwé.

Ìjọba ìbílẹ̀ kò lè ní kò kan òun. Àfikún kẹrin ìwé òfin Nàìjíríà ọdún 1999 to ọjà, ilé ìpẹran, ìkólẹ̀ àti ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ mọ́ iṣẹ́ wọn. Òfin Ìlò Ilẹ̀ náà gbà wọ́n láyè láti fún àgbẹ̀ ní ẹ̀tọ́ orí ilẹ̀ tí kì í ṣe ti ìgboro, títí dé hẹ́kítà 500 lẹ́ẹ̀kan. Ti ìgboro ni gómìnà ní láti fọwọ́ sí. Owó? Lọ́jọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn. Bí àlàyé “gómìnà ló di owó wa mú” ti ń tán lọ, ó yẹ ká bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè nǹkan pàtó lọ́wọ́ àwọn alága.

Ìdọ̀tí ọjà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ Pacesetter sílẹ̀ ní ọjà Bódìjà. Èèpo àti ewé tó ń jẹrà lọ́jà, àti ìgbẹ́ màlúù láti ilé ìpẹran tó wà nítòsí nígbà náà, ni wọ́n máa ń sọ di ajílẹ̀, pẹ̀lú ọgbọ́n àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn. Irú rẹ̀ tó kéré, tí kò ju ilẹ̀ kékeré kan àti ṣọ́bìrì mẹ́wàá lọ, lè wà lẹ́bàá ọjà ńlá kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa ta àpò rẹ̀ fún ẹlẹ́fọ̀ọ́ ní iye tí kò ní í pa á. Ìyẹn á tún yọ ọ́ nínú ìjà òun àti aládùúgbò lórí òórùn.

Ọdún mẹ́wàá ló yẹ kó wà nínú ìwé àdéhùn. Ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ fún títún ilẹ̀ ṣe, méje tó kù fún jíjẹ èrè rẹ̀, pẹ̀lú kànga kan fún oko bíi mẹ́wàá, kí owó ilẹ̀ sì jẹ́ ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀, tí risíìtì ń tẹ̀ lé. Gbólóhùn kan sì tún wà tí agbẹjọ́rò káńsù kò gbọdọ̀ gbàgbé. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ èèyàn, Òfin Ìlò Ilẹ̀ ní kí wọ́n sanwó ohun tó ṣe sórí rẹ̀: ilé, ọgbà, kànga, igi tó ń pẹ́ so. Ó wá yọ ohun tó bá ti inú ìroko lásán jáde sẹ́yìn. Ilẹ̀ tí ẹlẹ́fọ̀ọ́ fi ìgbẹ́ adìẹ, jogbo àti ọdún mẹ́ta sọ di dúdú, ìroko lásán ni òfin yóò kà á sí, iye rẹ̀ sì jẹ́ òfo lójú ẹni tó ń ṣírò owó gbà-máà-bínú. Àfi kí ìwé àdéhùn sọ ọ́ ní kedere, kí wọ́n wọn ilẹ̀ náà wò lọ́jọ́ tí olóko gbà á, kí wọ́n tún wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gbà á padà, kí wọ́n sì san ìyàtọ̀ tó bá wà láàárín méjèèjì.